Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ẹrẹ̀, ẹrọ̀fọ̀: èwo là ń pe ohun tó silẹ̀ sísàlẹ̀ omi?

Akọ̀wé_Kékeré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìwé sáyẹ́ǹsì kékeré kan fún àwọn ọmọ iléèwé ló wà lọ́wọ́ mi, ibi tó ti kan odò àti òkun ni mo sì ti há. Gbólóhùn mẹ́ta ló ń yọ mí lẹ́nu:

(1) Nígbà tí odò bá fẹ́ wọ òkun, eré rẹ̀ á dínkù, á sì já ___ sílẹ̀ ní ẹnu rẹ̀.

(2) Gbọn ìgò oògùn yìí dáadáa kí o tó lò ó, nítorí ___ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

(3) ___ ló bo ìsàlẹ̀ òkun níbi tó jìn jù lọ.

Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n kọ "ẹrẹ̀" sí àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí n yé da ara mi láàmú. Mo ní ẹrẹ̀ kẹ̀, nínú ìgò oògùn? Ó ní ó dáa, kí n kọ "gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀" sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyẹn náà ò dùn létí mi tó bá di ti odò, torí ìsàlẹ̀ ife àti ìsàlẹ̀ ìgò ni èmi ti mọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ẹ dákun, kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ gan-an? Ṣé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè gbé gbogbo rẹ̀?

Ìyá_Ìbejì

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹnìkejì yín fẹ́ tètè lọ sílé ni, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹrẹ̀ ń sọ bí nǹkan ṣe rí: iyẹ̀pẹ̀ tó mumi yó, tó rọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí nǹkan: ó wà káàkiri inú omi tẹ́lẹ̀, omi wá dúró jẹ́ẹ́, òun náà bá silẹ̀. Ohun yòówù kó jẹ́, ì báà ṣe iyẹ̀pẹ̀, ìyẹ̀fun, ìpẹtà irin tàbí èérún ewé, tó bá ti silẹ̀ sísàlẹ̀ ohun olómi, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni. Ẹ tú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́ jáde, ẹ máa bá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú nísàlẹ̀, kò sì sí ẹrẹ̀ kankan níbẹ̀. Ẹ wá wo ojú ọ̀nà lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹrẹ̀ rẹpẹtẹ, ẹnikẹ́ni ò sì ní pè é ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, torí ẹsẹ̀ àti táyà ló pò ó pọ̀.

Nítorí náà, nọ́ńbà kejì yín ti yanjú. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni. Nọ́ńbà kìíní ló gba àlàyé.

Apanilẹ́rìn

Ẹni tó bá yọ̀ ṣubú sínú ẹrẹ̀ ńkọ́? Ṣebí òun náà ti silẹ̀. Ṣé ó ti di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nìyẹn?

Tíṣà_Àgbà

Apanilẹ́rìn, a ti rí ọ.

Ìyá Ìbejì ti sọ òótọ́, àmọ́ kí a má da gbogbo àwọn ará ilé ẹrẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn. Ẹrẹ̀ ni orúkọ gbogboogbò. Ẹrọ̀fọ̀ ni ẹrẹ̀ tó pọ̀, tó jìn, tí ẹsẹ̀ ń wọ̀, tí bàtà á sì kù síbẹ̀. Pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ ni èyí tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí tó fi ń ta sí aṣọ. Àwọn mìíràn ń pè é ní pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Irà ni ilẹ̀ rírọ̀ tó lè gbé ènìyàn mì. Àbàtà ní tirẹ̀ jẹ́ orúkọ ibi, ìyẹn ilẹ̀ tí omi máa ń sun sí létí odò, tí koríko omi máa ń hù sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní àbàtà takété bí ẹni pé kò bá odò tan. Ẹ ò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹrẹ̀ takété.

Ohun tí mo ń bọ̀ wá sọ ni pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń béèrè bí ẹrẹ̀ ọ̀hún ṣe débẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nìkan ló ń gbé ìtàn ara rẹ̀ dání.

Ẹnjiníà_Olódò

Ẹ jẹ́ kí n gbé e gba ọ̀nà iṣẹ́ tèmi. Àwa tó ń ṣiṣẹ́ odò àti ìsédò kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá nǹkan jẹ́ ẹrẹ̀. Bí hóró rẹ̀ ṣe tóbi tó la máa ń wọ̀n. Chester Wentworth, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ará Amẹ́ríkà, to ìwọ̀n kan jọ lọ́dún 1922 tí a ṣì ń lò títí dòní pẹ̀lú àtúnṣe níbí àti lọ́hùn-ún. Hóró tó bá wà láàárín mìlímítà 2 àti 0.063, yanrìn ni. Èyí tó bá kéré sí mìlímítà 0.002, amọ̀ ni (Wentworth fúnra rẹ̀ fi ààlà yẹn sí nǹkan bí 0.004). Èyí tó bọ́ sáàárín yanrìn àti amọ̀ ni wọ́n ń pè ní sílìtì. Òun ni odò máa ń gbé jù, òun náà ló sì ń fa wàhálà jù.

Ẹ ò nílò ẹ̀rọ kí ẹ tó dá wọn mọ̀. Ẹ bu ẹrẹ̀ díẹ̀ láti etí odò, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là fẹ̀ ẹ́ lọ fẹ̀ ẹ́ bọ̀. Yanrìn á máa ha yín lọ́wọ́. Sílìtì á máa yọ̀ kúlúkúlú bí àtíkè tí wọ́n pò mọ́ omi, tó bá sì gbẹ, ẹ kàn máa gbọ̀n ọ́n dànù ni. Amọ̀ á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, á ṣeé yí di okùn tẹ́ẹ́rẹ́, á sì fi àbàwọ́n sílẹ̀. Tí ọkàn yín ò bá tíì balẹ̀, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ máa ń fi bíńtín sáàárín eyín iwájú. Sílìtì á máa rún wọ́ọ́wọ́ọ́ lábẹ́ eyín, amọ̀ ò ní rún. Mo ti rí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣe é níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láìju ojú sẹ́yìn.

Nísinsìnyí, ó kan ọ̀rọ̀ "silẹ̀" tí Ìyá Ìbejì ń sọ. George Stokes, onímọ̀ ìṣirò àti físíìsì, ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́dún 1851: tí hóró kan bá fi ìlọ́po mẹ́wàá kéré sí èkejì, ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ló máa fi lọ́ra jù ú nínú omi. Ẹ fojú inú wo omi tó dúró jẹ́ẹ́, tó jìn ní mítà kan. Yanrìn mìlímítà 0.2 á délẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Sílìtì mìlímítà 0.02 á lò tó ìṣẹ́jú 45. Amọ̀ mìlímítà 0.002 á lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kan omi náà o.

Ìdí nìyẹn tí odò fi ń já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ní ìpele ìpele. Lórí òkè, níbi tó ti ń sáré, òkúta nìkan ló lè dúró. Tó bá délẹ̀ tó tẹ́jú, yanrìn á kọ́kọ́ jókòó. Ẹnu òkun ni sílìtì àti amọ̀ máa ń bá a dé.

Akọ̀wé_Kékeré

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n tí amọ̀ bá nílò ju ọjọ́ mẹ́ta nínú omi tó dúró jẹ́ẹ́, báwo ló ṣe ń rí àyè silẹ̀ ní ẹnu odò tí ìgbì òkun ò jẹ́ kí omi sinmi?

Onílábù

Iyọ̀ ni o.

Hóró amọ̀ kọ̀ọ̀kan ní agbára iná mànàmáná òdì lára. Nínú omi odò, wọ́n ń ti ara wọn sẹ́yìn, kálukú ń dá rìn, wọ́n sì wẹ́ débi pé wọ́n lè máa léfòó títí. Tí wọ́n bá pàdé omi iyọ̀, èròjà inú iyọ̀ á bo agbára yẹn mọ́lẹ̀, wọn ò ní lè ti ara wọn mọ́. Wọ́n á wá máa so mọ́ ara wọn di ìdì, ìdì ọ̀hún á wúwo, á sì tètè silẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí ẹrẹ̀ fi máa ń pọ̀ gidi níbi tí odò ti ń bá òkun pàdé. Irú iṣẹ́ yìí gan-an ni álọ́ọ̀mù ń ṣe nígbà tí wọ́n bá jù ú sínú omi tó rú: kì í pa ìdọ̀tí, ṣe ló ń kó o jọ kó lè silẹ̀.

Ó tún kan gbólóhùn kejì yín. Oògùn olómi tí wọ́n ní kí a gbọ̀n, èròjà rẹ̀ kò yòrò, ó kàn léfòó ni. Àwọn apòògùn kì í bẹ̀rù kó silẹ̀. Kó silẹ̀ kó wá dì ni wọ́n ń bẹ̀rù. Tí hóró bá dá silẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tò pọ̀ pinpin nísàlẹ̀ ìgò, wọ́n á le, ẹ lè gbọ̀n ọ́n títí apá á fi máa ro yín. Àwọn tó ń ṣe oògùn a wá ṣe é kí hóró náà so di ìdì fúyẹ́fúyẹ́. Ìyẹn á tètè silẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n díẹ̀, ó ti dìde padà. Tí kò bá dìde, oṣùwọ̀n oògùn tó bá bọ́ sínú ṣíbí á kéré lónìí, á sì pọ̀ jù lọ́jọ́ tí ìgò bá fẹ́ tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi "dáadáa" yẹn sílẹ̀ nínú gbólóhùn yín.

Tíṣà_Àgbà

Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo ní àríyànjiyàn kan. Létí ọ̀pọ̀ ènìyàn, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni ohun tó kù nísàlẹ̀ tí a máa dà nù. Ẹni tó mu nǹkan tán tó ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló kù fún òun ń ráhùn ni. Ẹ wá fẹ́ pe ohun tí Náílì gbé wá fún Íjíbítì ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀? Ohun tó bọ́ orílẹ̀-èdè fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún! Ọmọ tó bá kà á á rò pé ẹ̀gbin ni.

Ìyá_Ìbejì

Tíṣà, ẹ má bínú, ẹni tó ń mu nǹkan ló ń ráhùn, ọ̀rọ̀ náà ò mọ ohunkóhun nípa ẹ̀. Àwọn amọ̀kòkò tó bá fẹ́ amọ̀ tó kúnná máa ń po amọ̀ sínú omi, wọ́n á jẹ́ kó silẹ̀, wọ́n á da omi orí rẹ̀ nù, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kúnná yẹn ni wọ́n ń fẹ́. Èwo la dà nù nínú méjèèjì? Omi ni.

Ẹnjiníà_Olódò

Tíṣà, ẹ jẹ́ ká wo Náílì ọ̀hún dáadáa, torí òun ló máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ọmọdé. Lọ́dọọdún, òjò tó ń rọ̀ sórí àwọn òkè Ethiopia máa ń fọ iyẹ̀pẹ̀ dúdú wọnú odò. Omi á kún bo oko lápá ìsàlẹ̀, á dúró, á fà padà, á sì fi ìpele tín-ínrín kan sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Wọ́n parí ìsédò ńlá Aswan lọ́dún 1970. Láti ìgbà náà, adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀, Lake Nasser, ni ẹrẹ̀ yẹn ń silẹ̀ sí. Íjíbítì rí iná mànàmáná àti omi tí kò dáwọ́ dúró, ìkún omi sì dópin. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ wá ń ra ajílẹ̀ fún ohun tí odò ń gbé wá lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ ní ẹnu odò torí pé kò sí ẹrẹ̀ tuntun tó ń dí àyè èyí tí ìgbì ń gbé lọ.

Ẹrẹ̀ kan náà ni o. Lórí oko, ọrọ̀ ni. Lẹ́yìn ìsédò, ẹrù tí kò lọ́jà ni, ó sì ń gba àyè omi díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, mo fara mọ́ Ìyá Ìbejì: ọ̀rọ̀ náà ò dára, kò burú, ibi tó silẹ̀ sí ló ń pinnu.

Ẹ gbọ́ ti Odò Pupa-rúsúrúsú ní Ṣáínà, Huang He. Ilẹ̀ tó ń gbà kọjá jẹ́ eruku tí atẹ́gùn kó jọ láti ayébáyé, sílìtì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì rọrùn fún òjò láti wọ́ lọ. Láàárín ọ̀rúndún ogún, kí wọ́n tó kọ́ àwọn ìsédò àti kí wọ́n tó gbin igi sórí àwọn òkè, ìdíwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń sọ ni bílíọ̀nù 1.6 tọ́ọ̀nù ẹrẹ̀ lọ́dún kan. Wọ́n kọ́ ìsédò Sanmenxia sórí rẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ lọ́dún 1960. Ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún adágún rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ní láti padà wá da ihò mìíràn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹrẹ̀ lè rí ọ̀nà jáde. Ní ìsàlẹ̀ odò náà, lẹ́bàá Kaifeng, ìsàlẹ̀ odò ti ga ju ilẹ̀ ìlú lọ.

Apanilẹ́rìn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná. Ìsàlẹ̀ odò ga ju ilé? Ṣé odò ń gba orí òrùlé kọjá ni?

Ẹnjiníà_Olódò

Ó fẹ́ẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn mọ ògiri iyẹ̀pẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ odò kó má baà ya wọlé. Odò ò rí àyè tàn ká mọ́, gbogbo ẹrẹ̀ rẹ̀ wá ń silẹ̀ sáàárín ògiri méjèèjì. Ìsàlẹ̀ odò ga sí i, omi tún fẹ́ kún jáde, wọ́n tún mọ ògiri sókè. Tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ẹni tó bá dúró ní ìgboro á máa gòkè lọ bá odò ni. Ọjọ́ tí ògiri bá já, ẹ mọ ohun tó ń bọ̀.

Òdì kejì rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìlú elébùúté. Éfésù àtijọ́, tó wà ní ilẹ̀ Tọ́kì lónìí, létí òkun ló wà nígbà tí òwò rẹ̀ gbilẹ̀. Odò tó ń ṣàn wá síbẹ̀ fi ẹrẹ̀ dí ebúté rẹ̀ pa. Ẹni tó bá lọ wo ahoro rẹ̀ nísinsìnyí, kìlómítà mélòó kan ló máa rìn kó tó rí òkun. Kò sí ogun kankan tó gbé òkun lọ.

Akọ̀wé_Kékeré

Háà. Mo ti rí orí ìwé mìíràn gbà níbí o.

Tíṣà, ṣé ẹ gbà fún gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ báyìí?

Tíṣà_Àgbà

Mo gbà fún ìgò. Mo gbà fún amọ̀kòkò. Ti odò, mi ò tíì gbà tán. Ọmọdé tó bá dúró létí odò, tó tẹ ẹsẹ̀ bọ ìsàlẹ̀, kí ló máa sọ? "Ẹsẹ̀ mi wọ ẹrẹ̀." Kò ní sọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ láé. Ẹ ò lè torí sáyẹ́ǹsì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ.

Ìyá_Ìbejì

Ìyẹn náà bọ́ sí i. Àmọ́ ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń bá a rìn, Tíṣà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń fara hàn. Omi rú, omi tòrò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ silẹ̀. Rírú àti títòrò la fi ń sọ nípa omi, sísilẹ̀ la fi ń sọ nípa ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ní ẹrẹ̀ tòrò. Kódà nígbà tí a bá gbé e kúrò lórí omi, bẹ́ẹ̀ náà ló rí: a ní ìlú tòrò, a ní ọ̀rọ̀ dà rú, a ní kí wọ́n má rú omi àlàáfíà. Ẹni tó sọ pé ìlú tòrò kò sọ pé ìjà tí wọ́n jà ti kúrò nílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó kàn silẹ̀ ni. Ẹni tó bá tún fi igi rò ó, á bá a níbẹ̀.

Ẹrẹ̀ ní tirẹ̀, tó bá bọ́ sínú àfiwé, àbùkù ló máa ń gbé: wọ́n wọ́ orúkọ ènìyàn nínú ẹrẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń gbé ohun tó pamọ́.

Apanilẹ́rìn

Ìyá Ìbejì ti ń sọ̀rọ̀ ìdílé ọkọ wọn o, èmi ò sí níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì

Máa fi mí ṣeré. 😂

Onílábù

Kí a tó tàn ká, nọ́ńbà kẹta ṣì wà nílẹ̀, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. Ìtàn kan wà nípa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń kọ̀wé sáyẹ́ǹsì mọ̀.

Lọ́dún 1857, ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, Cyclops, lọ wọn jíjìn òkun Àtìláńtíìkì nítorí wáyà tẹligíráàfù tí wọ́n fẹ́ tẹ́ síbẹ̀. Wọ́n bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun wá, wọ́n dà á sínú ìgò, wọ́n sì da ọtí líle lé e lórí kó má baà bàjẹ́. Ọdún 1868 ni Thomas Huxley, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀dá tó lórúkọ jù nígbà náà, tún gbé àwọn ìgò náà sábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Ó rí ohun kan tó ń fà, tó ń yọ̀, tó so àwọn hóró ẹrẹ̀ pọ̀. Ó ní ẹ̀dá alààyè ni, irú èyí tó kéré jù lọ, tó ṣeé ṣe kó tẹ́ bo gbogbo ìsàlẹ̀ òkun. Ó sọ ọ́ lórúkọ, Bathybius haeckelii, láti fi bọlá fún Ernst Haeckel, onímọ̀ ẹ̀dá ará Jámánì. Ariwo ta. Àwọn kan ti ń rò pé ibi tí ìwàláàyè ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n rí yẹn.

Challenger, ọkọ̀ ìwádìí òkun ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wá gbéra lọ́dún 1872, ó yí àwọn òkun ayé ká títí di 1876, ó ń bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun níbi gbogbo. Wọ́n wá Bathybius, wọn ò rí i. Inú ẹrẹ̀ tútù, kò sí. Inú ìgò tí wọ́n da ọtí sí, ó wà. Onímọ̀ kẹ́míkà inú ọkọ̀ náà, John Young Buchanan, ló tú àdììtú ọ̀hún: tí ọtí líle bá pàdé omi òkun, calcium sulphate, irú iyọ̀ kan tó yòrò sínú omi náà, á yọ jáde, á silẹ̀ bí ohun tó ń fà. Ẹ̀dá alààyè tí wọ́n sọ lórúkọ, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ọtí bí nínú ìgò ni. Huxley gbà bẹ́ẹ̀ ní gbangba lọ́dún 1875. Ẹ ò rí i, ìgò wọn náà nílò àkọlé "gbọ̀n kí o tó lò".

Kí ló wá wà nísàlẹ̀ òkun gan-an? Níbi tó jìnnà sí ilẹ̀, ẹrẹ̀ odò kì í fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀. Ohun tó ń silẹ̀ jù ni ìkarahun àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín tó ń gbé lójú omi. Tí wọ́n bá kú, ìkarahun wọn á máa rọ̀ wálẹ̀ láti òkè, láìdáwọ́ dúró. Tí ìkarahun bẹ́ẹ̀ bá tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọ̀hún, àwọn onímọ̀ òkun ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún un. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, amọ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n ń pè é. Láàárín ẹgbẹ̀rún ọdún, gíga tó ń fi kún ara rẹ̀ kì í ju mìlímítà díẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ. Ẹfun àwọn òkè funfun etí òkun Dover nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí ni wọ́n jẹ́ nígbà kan rí, kí ilẹ̀ tó gbé wọn sókè.

Ìdí nìyẹn tí "ẹrẹ̀" fi kéré fún gbólóhùn yẹn. Tẹ́ ẹ bá kọ ẹrẹ̀, ọmọ á máa ronú iyẹ̀pẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù: "níbi tó jìn jù lọ" kò tọ̀nà fún ìkarahun. Tí òkun bá ti jìn kọjá nǹkan bíi mítà 4,000 sí 5,000, ó sinmi lórí òkun tí a ń sọ, omi ibẹ̀ máa ń yọ́ àwọn ìkarahun tó jẹ́ ti ẹfun kí wọ́n tó lè kó jọ. Amọ̀ pupa tàbí ìkarahun tó dà bíi gíláàsì ni ẹ máa bá níbẹ̀.

Tíṣà_Àgbà

Ìtàn yìí dùn. Onílábù, mo gba gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ fún òkun. Kò sí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dé ibẹ̀.

Ìwé_Ayé

Mo kàn ń ka tiyín láti àárọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, bóyá á wúlò fún Akọ̀wé. Ní àwọn adágún tí yìnyín ń yọ́ sínú wọn, sílìtì ló ń silẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Tó bá di ìgbà òtútù, ojú adágún á dì, omi á dákẹ́, amọ̀ tó ti ń léfòó á wá rí àyè silẹ̀, àwọ̀ tirẹ̀ ṣókùnkùn. Ìlà méjì, ọdún kan. Gerard De Geer, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ará Swídìn, ka irú ìlà bẹ́ẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn, ó sì fi ṣírò ìgbà tí yìnyín ńlá fà sẹ́yìn nílẹ̀ wọn. Ọdún 1912 ló tẹ iṣẹ́ náà jáde. Ní Japan, adágún Suigetsu ní ìlà ọdọọdún tirẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣàtúnṣe ọjọ́ orí tí àwọn onímọ̀ ń ṣírò fún àwọn nǹkan àtijọ́ nípa wíwọn kábọ̀nù inú wọn.

Kò lè rí bẹ́ẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ti da ìlà ibẹ̀ rú.

Ẹnjiníà_Olódò

Ẹ kú àfikún o. Ẹ jẹ́ kí n yára fi ti omi ẹ̀gbin kún un náà, kí ẹnì kan má baà béèrè. Ohun tó ń silẹ̀ ní ilé ìtọ́jú omi ẹ̀gbin, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni wọ́n jẹ́, àmọ́ èyí tó lágbára jù níbẹ̀ kún fún kòkòrò àìfojúrí tó wà láàyè. Edward Ardern àti William Lockett ní Manchester ló fi hàn lọ́dún 1914 pé tí wọ́n bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ẹ̀gbin, tí wọ́n sì dá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó silẹ̀ padà sínú omi tuntun dípò kí wọ́n dà á nù, ìwẹ̀nùmọ́ á yára gan-an. Títí dòní, ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ń lò. Tíṣà, ẹ rí i pé ohun tí ẹ ní à ń dà nù ni wọ́n ń tọ́jú bí ọmọ.

Tíṣà_Àgbà

Ẹnjiníà, ẹ ti borí. Ẹ fi mí sílẹ̀.

Akọ̀wé_Kékeré

Ẹ wo bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ báyìí:

(1) Nígbà tí odò bá fẹ́ wọ òkun, eré rẹ̀ á dínkù, ẹrẹ̀ tó ń gbé bọ̀ á sì silẹ̀ ní ẹnu rẹ̀. Ohun tó bá silẹ̀ báyìí là ń pè ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ odò.

(2) Gbọn ìgò oògùn yìí dáadáa kí o tó lò ó, nítorí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

(3) Ní ọ̀pọ̀ ibi nísàlẹ̀ òkun, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó jẹ́ ìkarahun àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín ló bo ilẹ̀.

Mo fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́ nítorí ọmọ Tíṣà tó tẹ ẹsẹ̀ bọ odò.

Ìyá_Ìbejì

Èyí dára. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé fún ọmọdé, ẹ má pe yanrìn tí odò gbé wá ní ẹrẹ̀ o. Gbólóhùn àkọ́kọ́ yín kò dárúkọ yanrìn rárá, bẹ́ẹ̀ ó máa ń wà lẹ́nu odò.

Ẹnjiníà_Olódò

Òótọ́ ni. Ẹ kọ "yanrìn àti ẹrẹ̀ tó ń gbé bọ̀", kí ẹ wá sọ pé yanrìn ló máa ń kọ́kọ́ silẹ̀. Tí àyè bá wà, ẹ fi iṣẹ́ ṣíṣe kékeré kan síbẹ̀: kí ọmọ bu iyẹ̀pẹ̀ sínú ìgò tó mọ́, kó da omi sí i, kó gbọ̀n ọ́n, kó sì gbé e kalẹ̀. Kó fi bírò sàmì sí ara ìgò níbi tí ohun tó silẹ̀ bá ga dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn wákàtí kan, àti lọ́jọ́ kejì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí ìgò náà títí ó fi parí.

Apanilẹ́rìn

Kí wọ́n má sì da ọtí sí i.